Jíìpù tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ọ̀nà bàjẹ́

Ká má purọ́ fún ara wa, Land Cruiser dùn ún gùn. Tí wọ́n bá ní kí n wá mú ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, mi ò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, mi ò wá bú ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ìdìbò 2027 ti ń sún mọ́lé. Àwọn tó fẹ́ padà sí Àbújá ti ń rántí ọ̀nà ilé, àwọn jíìpù dúdú yẹn náà sì ti ń wọ àdúgbò wa. Ẹ jẹ́ ká rántí bí wọ́n ṣe dé ọwọ́ wọn.

Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni. Ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan ti fò dé 617 náírà, owó oṣù tó kéré jù sì wà ní 30,000 náírà. Àsìkò yẹn gan-an ni ìròyìn jáde pé wọ́n ń ra Land Cruiser fún àwọn sẹ́nétọ̀, 160 mílíọ̀nù náírà ni wọ́n sì pe ọ̀kan. Ariwo ta. Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé aṣòfin àgbà, dáhùn pé ọ̀nà Nàìjíríà ò dáa, ọkọ̀ tó máa pẹ́ làwọn ń wá. Ó tún ní àwọn mínísítà ní ju ọkọ̀ mẹ́ta lọ, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n, kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn?

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé òótọ́ ló sọ nípa ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ jíìpù tí ẹ ń rí ní Lẹ́kí, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n kàn gbé sókè ni. Land Cruiser 300, tí Toyota gbé jáde ní 2021, kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Orí ṣáásì irin ló jókòó sí. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gba agbára nígbà gbogbo, kì í ṣe ìgbà tí ilẹ̀ bá ń yọ̀ nìkan. Gíà kan wà fún ẹrẹ̀ àti òkè gíga. Bọ́tìnnì kan sì wà tí awakọ̀ máa yí sí iyanrìn, ẹrẹ̀ tàbí àpáta, kọ̀ǹpútà á wá dín agbára táyà tó ń yí lásán kù, èyí tó di ilẹ̀ mú á máa fà á lọ. Ó lè la omi tó jìn tó 70 sẹ̀ǹtímítà kọjá. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò rẹ̀ oní-tọ́bò méjì lágbára ẹṣin tó lé ní 400. Nílẹ̀ Japan gan-an, Toyota sọ ní 2022 pé ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun lè dúró tó ọdún mẹ́rin.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí fún nìyẹn: kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ táyà. Ẹni tó ń wọ dánfó láti Sángo lọ sí Abẹ́òkúta mọ gbogbo gálọ́ọ̀pù tó wà lọ́nà, ìdí rẹ̀ ló fi mọ̀ wọ́n. (Ṣọ́ọ̀kì Corolla tèmi náà mọ̀ wọ́n, ẹ bi mẹkáníìkì mi.) Karimi ń ṣojú ìwọ̀ oòrùn Kogi, ilẹ̀ àwọn èèyàn wa Ọ̀kun. Àwọn tó dìbò fún un kò ní ọkọ̀ tó ń la omi kọjá. Ẹni tó ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọ̀nà ló ń ráhùn pé ọ̀nà ò dáa, oògùn tó sì rí fún un ni ọkọ̀ tí kò ní jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tún wo òfin díẹ̀. Abala 70 ìwé òfin 1999 ní iye tí àjọ RMAFC bá dá fún aṣòfin ló máa gbà. Nínú ìṣirò àjọ náà tí gbogbo wa mọ̀, sẹ́nétọ̀ lè yá owó ọkọ̀ tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù gidi rẹ̀ lọ́dún, ìyẹn 8,105,600 náírà, á sì san án padà. Ẹ fi wé 160 mílíọ̀nù. Èsì ilé aṣòfin ni pé ọkọ̀ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ lèyí, kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹnì kan. Lọ́yà ni mí, mo mọ̀ pé èsì yẹn lè dúró ní kóòtù. Àmọ́ ó yẹ kó múnú bí yín.

Ti ọkọ̀ ilé wa ńkọ́? Innoson ń ṣe jíìpù ní Nnewi, Nord ń ṣe é ní Èkó. Abala 34 òfin ìrajà ìjọba ti 2007 gbà kí wọ́n fi ojú àánú wo ọjà tí wọ́n ṣe nílé, ṣùgbọ́n “ó lè” ni òfin náà kọ, kò kọ “ó gbọdọ̀”. Inú “ó lè” yẹn ni wọ́n gbà kọjá. Karimi ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, ti òkèèrè ló máa pẹ́ jù. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́n débi kó ra ọkọ̀ tí àwọn tó ń ṣòfin ilẹ̀ rẹ̀ kò gbà pé ó lè dé Lọ́kọ́ja?

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Táǹkì Land Cruiser yìí ń gba 110 lítà ní ọ̀pọ̀ ọjà. Ní 617 náírà, kíkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 67,870 náírà, ó ju ìlọ́po méjì owó oṣù òṣìṣẹ́ ìgbà yẹn lọ. Òṣìṣẹ́ náà tó bá ń tọ́jú gbogbo owó rẹ̀ láìjẹun, ọdún 444 ló máa fi ra ọ̀kan. Wọ́n ti sọ owó oṣù di 70,000 láti 2024, ó ti di ọdún 190. Ẹ kú oríire.

Wọ́n ní ilé aṣòfin ló ni àwọn ọkọ̀ náà. Ó dáa. Oṣù kẹfà 2027 ni sáà yìí máa parí. Ṣé wọ́n máa kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ni, àbí wọ́n máa tà á? Ta ni wọ́n máa tà á fún, èèló, ta ló sì máa dá iye rẹ̀? Sẹ́nétọ̀ yín tó bá wá tọrọ ìbò, jíìpù náà á wà níta, ẹ bi í níbẹ̀.