Orúkọ Ni Ọjà Tí Onídán Ń Tà

Ní ọdún 2019, Shina Peller wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá láti ṣojú àwọn ará Ìsẹ́yìn, Kájọlà, Ìwàjọ̀wà àti Ìtẹ̀síwájú. Peller kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ. Moshood Fọlọ́runṣọ́ Abíọ́lá ni bàbá náà ń jẹ́. Nítorí iṣẹ́ idán ló ṣe gbé Peller lé ara rẹ̀ lórí, ó gbé e káàkiri Áfíríkà, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ bí ogún. Orúkọ orí ìtàgé di orúkọ ìdílé, orúkọ ìdílé wá dé ilé aṣòfin. Àwọn onídán tí ọwọ́ wọn yá pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà ayé bàbá náà, síbẹ̀ àwọn tí ayé lè dárúkọ wọn kò tó nǹkan.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká àwọn ọ̀dọ́ onídán òde òní lára gan-an, nítorí idán fúnra rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń tà. Idán wà lọ́jà fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 1898 ni ìdílé Davenport ti bẹ̀rẹ̀ sí ta irinṣẹ́ idán: àpótí tí ẹyẹlé ń gbà jáde, okùn tí wọ́n gé tó tún so pọ̀, káàdì tí wọ́n ti ṣètò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Lónìí, ọmọ ọdún 12 ní Òṣogbo lè jókòó ti fóònù kí ó máa wo YouTube títí yóò fi mọ bí owó ẹyọ ṣe ń pòórá ní àtẹ́lẹwọ́. Bí ènìyàn 20 bá lè pa idán kan náà, tí ìyá ọmọ kan sì fẹ́ pe ọ̀kan nínú wọn wá síbi ọjọ́ ìbí, kí ni yóò fi yàn? Yóò yan ẹni tí ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí, ẹni tí eré rẹ̀ kò jọ ti ẹlòmíràn. Gbogbo ìyẹn, inú orúkọ ló wà.

Ẹ wo bí Peller bàbá ṣe kọ́ orúkọ tirẹ̀. Ọdún 1941 ni wọ́n bí i ní Ìsẹ́yìn. Láti ọdún 1954, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé, ló ti ń pidán kiri Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Èkó. Ó ṣe aṣojú fún ilé-iṣẹ́ òwò G.B.O., ó tún lọ ṣòwò l'Ékòó. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ibẹ̀ ni ì bá dúró sí: kí ó máa ṣòwò lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ó máa fi idán dá àwọn ènìyàn lára yá lópin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1964 ó gba Íńdíà lọ, ó lo oṣù 18 nílé-ẹ̀kọ́ idán, ó sì tibẹ̀ lọ tẹ̀dó sí Làìbéríà. Nígbà tó di ọdún 1966 tó fẹ́ fi ohun tó kọ́ han ará ilé, hótẹ́ẹ̀lì Federal Palace l'Ékòó ló ti ṣe é.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú ibi tó yàn yẹn. Ọjà wà, pápá iléèwé wà, ibùdó ọkọ̀ wà, níbi tí onídán máa ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ tí èrò á máa ju kọ́bọ̀ sí i. Ibi tí ayé bá ti kọ́kọ́ rí ènìyàn ni wọ́n máa ń kà á mọ́. Onídán tó bá kọ́kọ́ yọ ní gbọ̀ngàn hótẹ́ẹ̀lì ńlá lè lọ ṣeré ní pápá iléèwé lọ́la kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ yóò jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí hótẹ́ẹ̀lì tó ṣílẹ̀kùn fún un, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó.

Oyè Professor tí Peller fi ṣáájú orúkọ rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló wo eré rẹ̀ tán tó ní ọ̀jọ̀gbọ́n gidi lọkùnrin yìí, Peller kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀. Oyè yìí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn onídán. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, John Henry Anderson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti ń jẹ́ Professor Anderson. Ohun tó jẹ́ kí ó mọ́ Peller lára ni pé kò pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ìyàwó rẹ̀, Alhaja Silifat, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ìtàgé, kò wá orúkọ mìíràn lọ. Lady Peller ló ń jẹ́. Bí wọ́n bá dárúkọ ìyàwó, wọ́n ti polówó ọkọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà òyìnbó ni kí eléré máa polówó orúkọ báyìí. Àwọn eégún aláré ti mọ̀ ọ́n kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, ó rí àwọn aláré níwájú ààfin Aláàfin. Erè ńlá kan jáde látinú àpò, ó ń wọ́ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé eégún kan tó ṣe bí òyìnbó jáde, ó funfun báláú, ó gbẹ, ó ń rìn bí ẹni tí òtútù ń pa, gbogbo èrò sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo ojú àlejò náà. Irú àwọn aláré bẹ́ẹ̀ kì í ṣeré láìjúbà. Nínú ìjúbà ni wọ́n ti ń dárúkọ ara wọn, tí wọ́n ń ki Ẹ̀ṣà Ògbín, baba ńlá àwọn aláré, tí òǹwòran á sì ti mọ agboolé tí wọ́n ti jáde wá kí idán kankan tó bẹ̀rẹ̀. Agbégijó, Lébe, Ayélabọ́lá: orúkọ ẹgbẹ́ eléré ni wọ́n, ìlú sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀kan àti èkejì.

Ẹ wá wo onídán níbi ìnáwó l'Ékòó lónìí. Alága ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún "onídán wa". Onídán bọ́ síwájú, kò sọ̀rọ̀, ó ti ń fa ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ mèremère lẹ́nu. Ó pe ọmọ kékeré kan, ó yọ ẹyin létí rẹ̀. Àwọn ènìyàn pariwo, wọ́n lẹ owó mọ́ ọn lórí, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ẹnì kan tó jókòó sí tábìlì iwájú fẹ́ pè é sí òde tirẹ̀. Ó bi ẹni tó ṣe ìnáwó, ẹni yẹn ní alága ló mú un wá. Ó bi alága, alága ní ẹnì kan ló júwe rẹ̀ fún òun. Ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n fi wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìbá jẹ́ pé ó júbà bí àwọn aláré àtijọ́ ni, ìpè tẹ̀lífóònù ọjọ́ Ajé yẹn ì bá ti bá a nílé.

Harry Houdini, gbajúmọ̀ onídán, náà mọ iye tí orúkọ ń jẹ́. Erik Weisz ni orúkọ tí wọ́n bí i sí ní Budapest ní ọdún 1874. Ó ka ìtàn ìgbésí ayé onídán Faransé kan, Robert-Houdin, ó fi lẹ́tà kan kún orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ di tirẹ̀. Nígbà tó yá, Richard Pitchford, ọmọ ilẹ̀ Wales tó ń fi káàdì pidán, tún fi ti Houdini ṣe àwòkọ, ó di Cardini. Lónìí Nàìjíríà ní Babs Cardini tirẹ̀. Àyálò kò burú, bí ẹni tó yá a bá ní ohun kan tó máa fi kún un. Ohun tí Houdini fi kún tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1899, nígbà tí Martin Beck, ọ̀gá àwọn tó ń gba eléré sí ìtàgé, sọ fún un pé kí ó fi àwọn idán wẹ́wẹ́ sílẹ̀, kí ó gbájú mọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó ń bọ́. Láti ìgbà náà, bó bá wọ ìlú kan, yóò ní kí ọlọ́pàá ti òun mọ́lé, yóò jáde, ìwé ìròyìn yóò gbé e. Ní ọdún 1904, ìwé ìròyìn Daily Mirror ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àrà ọ̀tọ̀ kan wá láti fi pè é níjà. Ó lé ní wákàtí kan kí ó tó bọ́, àwọn èrò kò sì kúrò níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn ń ṣe ju gbogbo ayé lọ ni orúkọ ń dúró lé. Onídán tó kọ ọ́ sára pósítà pé òun ń ṣe ọjọ́ ìbí, ìsìnkú, ìpolongo ìbò, ẹyẹlé, iná àti káàdì kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ìdí tí yóò fi rántí òun.

Èyí tó tún wúlò jù nínú ìtàn Houdini ni ohun tó ṣe ní ìlú Southampton ní ọdún 1911. Ó ti kan àpótí oníjígí tí wọ́n máa ń rọ omi kún, tí wọ́n á so ó rọ̀ sínú rẹ̀ ní dídorí kodò. Kí ó tó gbé e síta fún ayé ní ọdún 1912, ó sọ ọ́ di eré onítàgé kúkurú, ó sì ṣe é níwájú òǹwòran ẹyọ kan péré, kí òfin lè mọ̀ ọ́n sí eré tirẹ̀ bí ẹlòmíràn bá fẹ́ jí i ṣe. Ọ̀nà kan náà ni Teller, ọ̀kan nínú àwọn onídán méjì tí ayé mọ̀ sí Penn àti Teller, tọ̀. Nínú eré rẹ̀ tó ń jẹ́ Shadows, òjìji òdòdó kan hàn lára aṣọ funfun. Teller fi ọ̀bẹ gé ewé òjìji náà, ewé òdòdó gidi tó jìnnà sí ọ̀bẹ sì ń já bọ́. Ní ọdún 1983 ló forúkọ eré yìí sílẹ̀. Nígbà tí ará Yúróòpù kan gbé irú rẹ̀ sórí YouTube tó sì ní òun yóò ta àṣírí rẹ̀, ilé-ẹjọ́ ní Nevada dá Teller láre ní ọdún 2014. Ilé-ẹjọ́ ní kò sẹ́ni tó lè gba ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n idán, ṣùgbọ́n eré tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ní ẹni tó ni ín.

Nàìjíríà náà ní òfin. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n forúkọ okòwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì rò pé orúkọ náà ti di tiwọn. Ìwé CAC jẹ́ kí ènìyàn lè ṣí àkáǹtì ní báńkì, kí ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Kò dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti máa fi orúkọ náà ṣeré. Ọ́fíìsì àmì òwò l'Ábùjá, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí okòwò, ni wọ́n ti ń gba ààbò yẹn. Ìsọ̀rí 41 nínú àwọn àmì òwò ni iṣẹ́ ìdánilárayá wà. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọdún 14 ni ìsọdọ̀tun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ta orúkọ fún iṣẹ́, tí kò sì ṣe ìyẹn, ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tí kò gbàwé rẹ̀.

Àwọn kan á ní ìwé kọ́ ló sọ Peller di Peller. Òótọ́ ni, ọwọ́ tó yá ló gbé e ga. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ Peller sórí TikTok lónìí kí ẹ wo ẹni tó máa jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ṣiṣẹ́ idán ni, àwọn ọmọ ìwòyí mọ̀ ọ́n ju onídán Ìsẹ́yìn lọ. Ọ̀dọ́ náà kò jẹ̀bi. Òkìkí rẹ̀, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló mú un wá. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò bá tún lò mọ́ fún iṣẹ́ tó sọ ọ́ di orúkọ, yóò bá ẹni tó ń lò ó lọ.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ló kù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ya onídán sọ́tọ̀ kúrò lára olóògùn, wọn kò sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára gbájúẹ̀ tó ń sọ pé òun lè sọ owó di púpọ̀. Àwọn onídán kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù ń mú òkìkí wá kíákíá. Òkìkí burúkú ni. Ìyá tó ń bẹ̀rù kò ní í fa ọmọ rẹ̀ lé onídán lọ́wọ́. Ọ̀gá iléèwé kò ní í gbà á wọlé. Báńkì tó ń ṣe àjọ̀dún òpin ọdún fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ní í kọ sọ̀wédowó fún un. Nígbà tí àwọn agbébọn pa Peller sínú ilé rẹ̀ l'Ékòó ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ohun tí àwọn kan ń bi ara wọn ni pé èé ṣe tí kò fi pòórá. Ìbéèrè ìkà ni sí ẹni tó kú ikú oró, ó sì fi hàn pé wọn kò mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ọkùnrin náà lọ kọ́ fún oṣù 18.

Nítorí náà, kí onídán tó bá fẹ́ jẹun nínú iṣẹ́ yìí sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé ọgbọ́n àti ìfidánrawò ni òun ń lò. Kí ó má fi owó ẹlẹ́ni pidán láì dá a padà lójú gbogbo èrò. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: kí ó wá orúkọ tí ọmọdé lè pè, tí onídán mìíràn kò tíì jẹ́, kí ó sì máa dárúkọ náà nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ eré àti nígbà tó bá parí rẹ̀. Kí ó yan idán kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí owó iṣẹ́ tó bá tún wọlé má kọ́kọ́ lọ sórí àpótí idán tuntun. Ọ́fíìsì àmì òwò ni kí ó kọ́kọ́ gbé e lọ.