Bí Iná Bá Lọ, Ibo Ni Omi Yóò Gbà?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ sin ẹja òkun àti iyùn nínú ilé ló máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Pọ́ǹpù wo ló lágbára jù?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Níbi tí iná ọba ti ń wá tó sì ń lọ bó ṣe wù ú, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: bí pọ́ǹpù bá dákẹ́ lójijì, ibo ni omi yóò gbà? Ẹni tí kò bá tíì rí ìdáhùn sí i, kó má tíì gé páìpù kankan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí irú rẹ̀ rí. Iyùn tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí ìyàwó ń so mọ́ ọrùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Èyí ṣì wà láàyè, ó sì nílò omi iyọ̀ tó mọ́, tó ń rìn nígbà gbogbo. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ tó ń sìn ín fi máa ń lo táǹkì méjì. Táǹkì gíláàsì wà lókè, níbi tí ojú ti ń rí ẹja. Èkejì wà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ohun tó ń fọ omi wà. Omi tó bá kún dé etí tòkè á ṣàn wọ páìpù, á sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Pọ́ǹpù á sì tì í padà sókè.

Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù á dákẹ́, ṣùgbọ́n omi kò ní dákẹ́. Páìpù tó ń gbé omi gòkè á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi wálẹ̀, bí àwọn awakọ̀ ṣe ń fi rọ́bà fa epo bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì. Kò ní dúró àfi bí ẹnu rẹ̀ bá fa atẹ́gùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí táǹkì bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó sì fẹ̀ ní 45, gbogbo sẹ̀ǹtímítà kan tí omi bá fi rẹlẹ̀ jẹ́ lítà 5.4. Bí ẹnu páìpù bá rì ní sẹ̀ǹtímítà 10, lítà 54 ni yóò wálẹ̀. Bó bá jẹ́ 2, kò tó lítà 11. Bí àyè tó ṣófo nísàlẹ̀ bá jẹ́ lítà 30, ti àkọ́kọ́ á da lítà 24 omi iyọ̀ sílẹ̀ pálọ̀, níbi tí wáyà iná wà. Ti èkejì kò ní kán sílẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹnu páìpù náà wà nítòsí ojú omi, kí ẹ sì lu ihò kékeré sí i lára níbi tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó, kó lè tètè fa atẹ́gùn. Àwọn kan ń sọ pé fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà ti tó. N kò gbà. Ìgbín kékeré tàbí èéhù inú omi lè há sí i lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí iná yóò fi lọ lóru.

Ní ti páìpù tí omi ń gbà sọ̀kalẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló gbajúmọ̀. Ti Durso ń lo páìpù kan. Bí nǹkan bá dí i, pọ́ǹpù á ṣì máa ti omi sókè títí táǹkì yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ti Herbie ń lo méjì: ọ̀kan ń kún fọ́fọ́, fáàfù ló ń darí rẹ̀, èkejì gbẹ, ó ń dúró de ìṣòro. Ti Bean Animal fi ẹ̀kẹta sí àárín wọn, tí omi díẹ̀ ń gbà kọjá. Ti mẹ́ta ni mo fara mọ́. Ìdí ni pé iná tiwa kì í dúró lójú kan, omi tí pọ́ǹpù ń tì sì lè pọ̀ lónìí kó dín lọ́la. Páìpù àárín ló ń gba ìyàtọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fáàfù. Lóòótọ́, owó á pọ̀ díẹ̀, ihò tí a ó lu sára gíláàsì á sì lé kan. Ẹni tí táǹkì rẹ̀ kéré lè lo méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ẹ má ṣe lo ẹyọ kan. Ẹ má sì fi fáàfù sí èyí tó gbẹ láé. Bákan náà, ẹ má lo tápù onídẹ, nítorí bàbà inú rẹ̀ ń pa iyùn.

Ibi tí iṣẹ́ ẹ̀ka wa ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí púlọ́ńbà ń ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń pe páìpù tó lọ sókè ní "return", bí àwọn orí YouTube ṣe ń pè é. Èyí tí omi ń gbà bọ̀ nísàlẹ̀ ni púlọ́ńbà rò pé ó ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mọ̀ pé a kò lè lóye "padà" àfi bí a bá mọ ibi tí olùsọ̀rọ̀ dúró sí. A wá ń pè wọ́n ní páìpù àgòkè, páìpù àsọ̀kalẹ̀ àti páìpù adúródeni. Mo bi púlọ́ńbà náà pé, "Ẹ̀gbọ́n, bí NÉPÀ bá mú iná lọ, ibo ni omi inú àgòkè yìí á gbà?" Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. "Áà, àbúrò, á padà wálẹ̀ nìyẹn o." Òun fúnra rẹ̀ ló mú ohun ìlu ihò.

Kí ẹ tó da iyọ̀ sí i, ẹ fi omi lásán kún un, kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kí ẹ wá fa wáyà yọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí kò bá lè fà á yọ kó sì jókòó jẹ́ẹ́ máa wò ó, kó má tíì ra ẹja.