Ọ́ìlì Jíà Ọkọ̀ Tí Ó Ti Dàgbà

Ìlú obì ni Ṣágámù. Ẹni tí ó bá ti wo àwọn oníṣòwò obì ibẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé wọn kì í da obì sínú agbọ̀n lásán. Ewé ni wọ́n fi ń tẹ́ inú agbọ̀n, ewé náà ni wọ́n sì fi ń bo obì lórí, kí ó má baà gbẹ. Bí ewé náà bá ti rọ, wọn a kó o dànù, wọn a sì fi tútù rọ́pò rẹ̀. Oníṣòwò tí ó mọ iṣẹ́ kì í dúró títí obì yóò fi rà kí ó tó pààrọ̀ ewé. Bí a bá sì fi ewé tútù bo obì tí kòkòrò ti jẹ nínú, tí obì náà fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ewé tútù ni ó ba obì jẹ́. Ó ṣe ni láàánú pé ọgbọ́n tí àwọn ará Rẹ́mọ ń lò fún obì yìí kì í sábà dé ìdí ọkọ̀ wọn.

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń rìn láàrin Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ lónìí ni ó jẹ́ Tòkunbọ̀, èyíinì ni ọkọ̀ tí àwọn ará òkè òkun ti lò fún ọdún mélòó kan kí ó tó dé Nàìjíríà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe awakọ̀ ni ó ń fi ọwọ́ yí jíà. Jíà ni ó ń yí ara rẹ̀, òun sì ni à ń pè ní ọ́tòmátíìkì. Irú jíà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun titun. Ilé-iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ti ń tà á lára ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940. Láti ìgbà náà títí di òní, ọ́ìlì ni ẹ̀mí rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọ́ìlì yìí ń ṣe. Òun ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì wọ inú jíà. Òun ni ó ń ti àwọn àwo pẹlẹbẹ inú jíà kí wọn lè di ara wọn mú. Òun ni kì í jẹ́ kí irin ha irin. Òun kan náà ni ó sì ń gbé ooru jáde. Ooru yìí gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣe láti ọdún 2013, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó ń há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún wákàtí gígùn, tí ooru sì ń se ọ́ìlì inú jíà wọn. Ọ́ìlì tí ó pupa bí omi ìṣápá nígbà tí ó wà ní titun a di rúsúrúsú, lẹ́yìn náà a di dúdú, a sì máa rùn bí ohun tí ó jóná.

Síbẹ̀, bí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá sọ pé òun fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì náà, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì ni pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Jíà yẹn á kú." Àwọn tí ń sọ báyìí kò ṣàdédé sọ ọ́. Wọ́n ti rí ọkọ̀ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí kò sì lè gun òkè mọ́ nígbà tí ó fi di ọjọ́ Ajé. Wọn a ní ewé ti pẹ́ lára ọṣẹ, ó ti di ọṣẹ: lẹ́búlẹ́bú tí ó jẹ kúrò lára àwọn àwo náà ti pò mọ́ ọ́ìlì, òun ni ó sì ń bá àwọn àwo tí ó ti jẹ tán di ara wọn mú. Bí a bá dà á nù, àwọn àwo náà yóò máa yọ̀.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n di ẹ̀bi rù kọ́ ni ó jẹ̀bi. Jíà tí ó jẹ́ pé ìdọ̀tí ni ó ń gbé e ró ti ń kú lọ kí ọ́ìlì titun tó dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kan ọ́ìlì títí jíà yóò fi máa ta wọ́n nídìí. Orí àkéte ìdákú ni ọ́ìlì titun ń bá a. Bí ó bá sì kú, a ó ní oníṣègùn ni ó pa á. Àìtètè mólè ni olè ń mólóko. Àwọn olùṣe ọkọ̀ mìíràn a tilẹ̀ máa sọ pé ọ́ìlì náà yóò bá ọkọ̀ lò dé òpin ẹ̀mí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á ní titun ti tà á. Ìyókù ẹ̀mí ọkọ̀ náà, Rẹ́mọ ni ó ti ń lò ó.

Nítorí náà, ìwádìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Bí a bá fi jíà sí D tàbí R, ǹjẹ́ ọkọ̀ ń dáhùn kíá? Ǹjẹ́ ẹ́ńjìnì kì í pariwo láìjẹ́ pé ọkọ̀ ń yára? Bí ara jíà bá le, ó yẹ kí a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, bí ó ti wù kí ọkọ̀ náà ti dàgbà tó. Bí ó bá ti ń yọ̀, kí a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jíà, nítorí ọ́ìlì kì í ṣe àjídèwe.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí a bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ jíà, kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì ni yóò jáde. Púpọ̀ yóò ṣẹ́kù sínú. Bí a bá ní ìdajì ni ó ń jáde, ìpààrọ̀ kìíní yóò sọ ìdajì di titun; èkejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò sọ ọ́ di mẹ́ta nínú mẹ́rin; ẹ̀kẹta yóò sọ ọ́ di méje nínú mẹ́jọ. Báyìí ni titun yóò ṣe rọ́pò àtijọ́ láìsí ìjayà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Iṣẹ́ yìí ṣe é ṣe nílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún aláìbìkítà. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, kí a fi igi há ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Kí a dá nọ́ọ̀tì jíà mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnì, nítorí àwọn kan ti da ọ́ìlì jíà nù, wọ́n sì ti rọ ọ́ìlì kún ẹ́ńjìnì ní ìlọ́po méjì. Kí a wọn ohun tí ó jáde. Iye yẹn gan-an ni kí ó padà wọlé. Irú ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ ni kí a rà: T-IV ti Toyota kì í ṣe ẹgbẹ́ WS ti Toyota kan náà. Ìwé yẹn náà ni yóò sọ bí a ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ tàbí kí ó kú. Ọ́ìlì àtijọ́ kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ kànga. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kí a rọ ọ́ sí, kí a sì gbé e fún àwọn tí ń kó irú rẹ̀ jọ.

Ìkẹ́nnẹ́ ni Tai Solarin àti aya rẹ̀, Sheila, dá Mayflower School sílẹ̀ ní ọdún 1956. A mọ ilé-ìwé náà fún bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń mú ọkọ́ àti àdá lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ìwé sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Olùkọ́ tí ó lè ka ìwé ọkọ̀ rẹ̀, tí kò sì kọ̀ láti fi ọwọ́ kan ìdọ̀tí, lè fi owó lítà ọ́ìlì mélòó kan yẹra fún owó jíà odindi ní ọjà Ládípọ̀, owó tí ì bá jẹ owó oṣù rẹ̀ tán. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kọ́ ọ, kí ó béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò obì ìgbà tí ó yẹ kí a pààrọ̀ ewé.