Ríìmù Ńlá, Irọ́ Orí Fọ́ọ̀mù

Ẹni tó bá gbé ríìmù ńlá sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ní London, tí ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì wá bi í bóyá ó ti yí nǹkan kan padà lára ọkọ̀ náà, tó ní rárá, irọ́ ló pa. Lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí wọn ò sanwó, kó má pè wọ́n lólè.

Mo mọ àwáwí àwọn èèyàn wa ní Peckham: "Ẹsẹ̀ ọkọ̀ lásán ni, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì." Ó dáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ara táyà yín. Ká ní 195/65R15 ló wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi 225/45R17 pààrọ̀ rẹ̀, gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí bí ríìmù ṣe tóbi sí i ni rọ́bà fẹ́lẹ́ sí i. Kòtò kan ṣoṣo sì lè ba irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ jẹ́. Àmọ́ ọlọ́fàájì a máa gbé 225/60R17, tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, sí i! Sípídómítà á ní 30, ọkọ̀ á ti máa sá 33. Òfin ibẹ̀ kò gbà á. Kò sì gba kí táyà yọ síta kọjá ìbòrí rẹ̀. Ká má tíì sọ ti olè, tí ríìmù olówó ńlá máa ń wọ̀ lójú.

Ṣé àwọn adójútòfò náà ò lọ́gbọ́n àrékérekè ni? Wọ́n ní in dáadáa. Ṣùgbọ́n òfin ínṣọ́ránsì ọdún 2012 ti gba èyí tó burú jù lọ́wọ́ wọn: kò di dandan mọ́ kẹ́ ẹ máa ro ohun tí wọn ò béèrè fún wọn. Èyí tí wọ́n bá béèrè nìkan ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ fi òótọ́ dáhùn. Bó bá jẹ́ àìkíyèsí lẹ fi ṣì í sọ, tẹ́ ẹ san £600 níbi tó yẹ kẹ́ ẹ san £1,000, wọ́n lè san ìdá 60 nínú 100 owó àtúnṣe. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, wọ́n lè fagi lé àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì mú owó yín jẹ.

Ẹni tí ọkọ̀ yín gbá ńkọ́? Òfin ìrìnnà ọdún 1988 ní kí ilé-iṣẹ́ náà sanwó fún un, àmọ́ ó tún fún wọn láyè láti padà wá gbà á lọ́wọ́ yín. Owó itan tó ṣẹ́ kì í ṣe owó ríìmù o.

Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó ra ríìmù. Bí iye tí wọ́n fẹ́ fi lé owó yín bá ti pọ̀ jù fún yín, ẹ jẹ́ kí ríìmù náà wà ní ṣọ́ọ̀bù.