Ẹ Ra Ìbòjú Halloween fún Ọmọ Yín, Ṣùgbọ́n Ẹ Yé Pe Eégún Ilé Yín ní Èṣù

Tí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ báyìí, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni: kí òbí wá aṣọ Halloween fún ọmọ, kí ọmọ wá sí kíláàsì bí iwin, bí àjẹ́, bí egungun òkú. Èkó àti Àbújá ló pọ̀ sí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá ń ṣe l'Ékòó kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Òbí á náwó, á ya fọ́tò, á gbé e sí status WhatsApp. Olùkọ́ á pàtẹ́wọ́, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín.

A ò bá ọmọ yẹn jà o. Ọmọdé ló ni eré. Ẹni tó ra ìbòjú yẹn là ń bá wí, nítorí òun kan náà ni, tí ọdún eégún bá dé ní Ìgbómìnà, tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ, tó máa ní, "Má yọjú síta o, nǹkan èṣù ni." Ẹnu méjì lèyí. Ẹnu méjì náà sì ni ọmọ ń kọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí Halloween jẹ́. Kì í ṣe àwọn tó ń ta súùtì ló dá a sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Celt ní ilẹ̀ Ireland àti Scotland ló ti ṣẹ̀. Samhain ni wọ́n ń pe ọdún náà, ìparí ìkórè àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ni wọ́n sì ń ṣe é. Wọ́n gbà pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀nà máa ń ṣí láàárín alààyè àti òkú, tí ará ọ̀run àti iwin á fi máa rìn láàárín ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristẹni gbilẹ̀ níbẹ̀, ìjọ fi ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ṣe ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́. Alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ló ń jẹ́ Halloween. Àwọn ará Ireland tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn ló gbé e dání dé ibẹ̀. Nílé, turnip ni wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lára. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí elégédé, tó tóbi tó sì rọrùn gbẹ́.

Ó dáa. Ọdún òkú ni. Wọ́n ń bojú. Wọ́n ń ti ilé dé ilé gba ẹ̀bùn. Èwo ni kò sí nínú ọdún eégún níbẹ̀? Ta ló wá sọ fún yín pé òkú àwọn ará Ireland ni eré, tí òkú bàbá yín sì jẹ́ èṣù?

Ìyàtọ̀ kan wà lóòótọ́, àwa là ń jàre rẹ̀. Iwin Halloween kò lórúkọ. Kò mọ bàbá ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dẹ́rù bani lọ. Eégún ní orúkọ, ó ní oríkì, ó mọ agbo ilé tó ti jáde. Bó bá dúró síwájú ilé, á ki onílé, á súre fún àgàn, á gbàdúrà fún ìlú, á sì pe ọmọ ní orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀. Ọmọ tó dúró síbẹ̀ tó gbọ́ ọ ti kọ́ ìtàn ìdílé rẹ̀ láìṣí wákàtí ìtàn lórí tímétébù. Ní tiwa ní Ìgbómìnà, Ẹlẹ́wẹ ni wọ́n fi ń mọ̀ wá. Ẹni tó bá ti rí i níbi tó ti ń jó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá ìlù sọ̀rọ̀, mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù. John Pemberton, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà, kúrò nílé rẹ̀ wá kọ́ nípa eégún Ìgbómìnà, ó sì kọ̀wé lé e lórí ní 1978. Ọmọ Amẹ́ríkà wá wo tiwa, àwa ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní bí eégún ẹni bá jó ire, orí a yá ni. Báwo ni orí ṣe máa yá ọmọ tí wọn ò jẹ́ kó wo ijó náà?

A mọ ohun tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn.

Wọ́n á ní eré lásán ni Halloween, pé ìbọ ni eégún. Ta ló ní kò sí eégún eré? Eégún aláré, tó ń pidán, tó ń di ọ̀nì, tó ń di ère, tó ń fi ọmọ aráyé ṣe yẹ̀yẹ́, kí lẹ ń pe ìyẹn? Inú agbo eégún ni eré Alárìnjó ti jáde, òun la sì máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà tí a bá fẹ́ sọ ìtàn tíátà Yorùbá. Àwọn ọmọdé pàápàá máa ń fi àkísà àti àpò ṣe eégún tiwọn, tí wọ́n á máa lù agolo kiri àdúgbò. Tó bá jẹ́ eré lẹ fẹ́, eré wà nílé.

Wọ́n á ní ẹ̀sìn àwọn kò gbà á. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á, tó sì kọ Halloween náà, tó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ pé ọmọ òun kò ní wá lọ́jọ́ yẹn, a kí i. Mùsùlùmí ni o, Kristẹni ni o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lójú kan. Kì í ṣe òun là ń bá wí. Ẹni tó fi ẹ̀sìn lé eégún jáde, tó wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Samhain, òun ló jẹ wá ní àlàyé.

Wọ́n á ní àwọn eégún kan ń fi pàṣán na ènìyàn, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ awakọ̀ tipátipá. Òótọ́ ni, a ò sì ní gbè wọ́n. Kí ọba àti àwọn olóyè eégún mú irú wọn, kí wọ́n fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ẹnì kan mutí yó níbi ìgbéyàwó ká ní kí ẹnikẹ́ni má gbéyàwó mọ́.

Ti àwọn ará wa tó wà ní London tàbí Houston yàtọ̀. Ọmọ wọn ń gbé láàárín àwọn tó ni ọdún náà. Tí gbogbo ojúlé bá ń pín súùtì, a ò ní kí ọmọ wọn jókòó sínú ilé máa wo fèrèsé. Ṣùgbọ́n ta ni aládùúgbò ọmọ Òmù-Àrán tó ń ṣe Samhain?

Ẹ wo àwọn ẹlòmíràn. Mexico súnmọ́ Amẹ́ríkà ju bí a ṣe súnmọ́ ọn lọ, síbẹ̀ wọn ò ju Ọjọ́ Àwọn Òkú wọn nù. Ọdún 2008 ló wọ ìwé àjogúnbá UNESCO, ọdún kan náà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa wọ̀ ọ́. Ní Benin, ìsinmi ìjọba wà fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní oṣù kìíní, eégún sì ń jáde. Ní erékùṣù Itaparica ní Bahia, ní Brazil, àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ṣì ń ṣe eégún di òní. Àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè gbé e kọjá òkun. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò dè ló ń sọ ọ́ nù.

Èsìẹ́ nìyí nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Òmù-Àrán. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1945, ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ère òkúta tó wà nínú rẹ̀ lé ní 800. Ìtàn àwọn àgbà ni pé àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Tí olùkọ́ bá ń wá ìtàn tó máa jẹ́ kí irun ọmọ dìde, èwo ló tún kù? Ẹ bi àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń béèrè owó aṣọ Halloween pé ìgbà wo ni wọ́n gbé ọmọ lọ sí Èsìẹ́ kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró lórí aṣọ nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣe Halloween yìí náà ló máa ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ní 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí wọn ní Ifẹ̀, tó fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní kẹ́yìn. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà bẹ́ẹ̀ ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025. Tí ìjọba bá ti kúrò níbẹ̀, ta ló kù? Òbí àti olùkọ́ ló kù. Tí àwọn náà bá wá gba ìbòjú ẹlòmíràn wọ ọmọ, tí wọ́n sì pe ti ilé ní èṣù, ọmọ náà á dàgbà tán, á máa tijú orúkọ Òjé tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ ṣe Halloween, kó ṣe ọjọ́ eégún náà: kó pe onílù, kó pe ẹni tó mọ oríkì ilé kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ fi àkísà rán ẹ̀kú tiwọn. Òbí tó bá ra ìbòjú, kó mú ọmọ lọ wo Ẹlẹ́wẹ pẹ̀lú, kó sì sọ fún un ilé tí eégún náà ti jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde nílé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ẹ ti ń bímọ, tí àwọn kan nínú yín ti di olùkọ́, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa tí àbúrò yín wà ní nọ́sìrì ní Òmù-Àrán, Òrò, Àjàṣẹ́-Ìpó tàbí Ìlá, ẹ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọn sọ̀rọ̀ kí oṣù kẹwàá tó dé. Àwa tí à ń ka Yorùbá ní yunifásítì ṣe tán láti wá kọ́ àwọn ọmọ náà ní oríkì àti orin eégún. A ò ní gba kọ́bọ̀.