Akọ Ẹlẹ́dẹ̀, Ọ̀dá àti Ìmọ́lẹ̀

Ní ọjọ́ Kérésìmesì tí ó kọjá, a bá ọ̀rẹ́ wa kan jẹun ní ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti jí ní kùtùkùtù láti se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sìn. Ṣùgbọ́n bí a ti ṣí ìkòkò, òórùn kan gba ilé, bí ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ọmọ ti abọ́ wọn sẹ́yìn. Ìyá ọkọ rẹ̀ wí lójú gbogbo wa pé kò fọ ẹran náà dáradára, obìnrin náà sì wọ yàrá lọ, kò bá wa jẹun mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí kò jẹ̀bi rárá. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ti gbó, tí a kò tẹ̀ lọ́dàá, ni wọ́n pa.

Kí ẹ̀yin ìyá ilé mọ èyí: òórùn náà kò sí lára awọ, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ kò lè mú un kúrò. Inú ọ̀rá ni ó wà. Bí akọ ẹlẹ́dẹ̀ bá ti ń sún mọ́ oṣù 5 tàbí 6, kórópọ̀n rẹ̀ a máa ṣe oje tí ń sọ ọ́ di akọ gidi, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní testosterone, àti òmíràn, androstenone, tí òórùn rẹ̀ ń fa abo mọ́ra. Èkejì yìí ni ó ń sá pamọ́ sínú ọ̀rá. Ohun ìyanu ni pé àwọn ènìyàn kan kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ rárá. Bóyá ọ̀kan nínú wọn ni baálé ilé náà, nítorí ó jẹ tirẹ̀ tán, ó sì tún bu òmíràn.

Bí a óò bá tẹ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dàá, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó yẹ, láti ọwọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, pẹ̀lú abẹ mímọ́. Ó ń dun ẹran náà. A kò ní purọ́. Òfin àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2008 wí pé lẹ́yìn ọjọ́ 7, dókítà ẹran nìkan ni ó lè ṣe é, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran mọ ìrora; láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni ilẹ̀ Jámánì sì ti ka á léèwọ̀ láti ṣe é láìsí irú oògùn bẹ́ẹ̀, bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ náà ti wù kí ó kéré tó.

Ẹlòmíràn a yọ kórópọ̀n kan, a fi ìkejì sílẹ̀, ó ṣebí ìdajì agbára akọ ni yóò kù. Rárá o. Bí a bá yọ ọ̀kan ní kékeré, èyí tí ó kù a tóbi ju bí ìbá ti tóbi lọ, a sì gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ ṣe. Ọpọlọ ni ó ń rán an níṣẹ́: oje kórópọ̀n a bá ẹ̀jẹ̀ lọ sọ fún ọpọlọ pé ó tó; bí ohùn náà bá rọlẹ̀, ọpọlọ a tún rán iṣẹ́ sí i.

Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ń bá ọpọlọ yìí sọ̀rọ̀. Nínú òkùnkùn, kókó kékeré kan níbẹ̀ a máa tú oje melatonin sínú ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìmàdò ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ń mọ ìgbà: nígbà tí ọ̀sán bá kúrú ni akọ ń gun abo, kí ọmọ lè bọ́ sí ìgbà ìrúwé, nítorí oyún wọn tó oṣù 3, ọ̀sẹ̀ 3 àti ọjọ́ 3. Ẹlẹ́dẹ̀ ilé ń bímọ yípo ọdún, ṣùgbọ́n ní ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ́hùn-ún, àwọn abo kan kì í tètè lóyún, àwọn ọ̀dọ́ abo a sì pẹ́ kí wọ́n tó bàlágà. Onímọ̀ tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọpọlọ gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ a lè fi ẹran tí a ti tẹ̀ lọ́dàá dán an wò: níbi tí ohùn kórópọ̀n ti dákẹ́, èkejì yóò ṣeé gbọ́.

Ẹ̀yin tí ń tan fìtílà sí ilé ẹlẹ́dẹ̀ mọ́júmọ́, ẹ tọ́jú epo yín. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọ̀sán tí ó gùn jù lọ fi ohun tí ó ju wákàtí 8 lọ gùn ju èyí tí ó kúrú jù lọ. Ní Èkó, ìyàtọ̀ náà kò tó wákàtí kan. Ooru ni ọ̀tá tiwa. Àtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ń lo bí ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7 kí ó tó gbó. Nítorí náà akọ tí ooru oṣù kẹta mú yóò ṣì máa gun abo ní oṣù kẹrin, abo kò sì ní lóyún. Abo ni a ó dá lẹ́bi, òun náà ni a ó sì pa! Ẹ fún akọ ní ìbòòji àti omi.

Kí a tó mú abẹ, ẹ kọ́kọ́ yan èyí tí yóò jẹ́ baba. Ọ̀pọ̀ ń ta èyí tí ó sanra jù, wọ́n sì ń fi aláìlera sílẹ̀ ṣe akọ, nítorí kò rí olùrà. Ẹ wo ìyá rẹ̀ ná: mélòó ni ó bí, mélòó ni ó sì tọ́ là?

Abo ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀rẹ́ wa ti bí mẹ́sàn-án. Ìyàwó rẹ̀ ni ó yan akọ kan sílẹ̀. A tẹ àwọn yòókù lọ́dàá ní ọjọ́ 5, ìyá ọkọ rẹ̀ sì bá a di ẹsẹ̀ wọn mú.