ORÍ ÒDE ÀTI ORÍ INÚ: NÍPA ÀWÒRÁN ARA ẸNI

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní Sábó, ní Ṣágámù, láìpẹ́ yìí, tí ó dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e yẹ̀wò, a rí i pé ó kan gbogbo ẹni tí ó bá ń jẹ́ ọmọ Yorùbá. Nítorí náà ni a ṣe mú kálàmù láti kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa.

Ọmọbìnrin kan ń bẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tí àwa ti ń ṣiṣẹ́, àwòrán yíyà sì ni ó yàn láti kọ́. Ìyá rẹ̀ ń ta obì ní Sábó, láàárín àwọn Hausa àti àwọn ará Rẹ́mọ tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò gbànja láti ayé àwọn baba wọn. Ní ọjọ́ tí a lọ kí ìyá yìí, a bá ọmọ náà tí ó jókòó lórí àpótí, tí ó gbé dígí kékeré ti agbọ̀n obì, tí ó ń wo ojú ara rẹ̀, tí ó sì ń fi pẹ́ńsùlù yà á. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan.” Ó sì na ìwé méjì sí wa.

Àwòrán kìn-ín-ní jẹ́ ojú rẹ̀ gan-an: iwájú tí ó yọ díẹ̀, ojú ọ̀tún tí ó kéré ju ti òsì lọ, àti àpá kékeré tí ó wà lẹ́bàá ètè. Ìkejì kò ní ojú, kò ní imú, kò ní ẹnu. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan ṣóńṣó kan tí ìdí rẹ̀ gbòòrò, tí àwọn òbírí wẹ́wẹ́ sì tò yí ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí owó ẹyọ. Ó ní, “Èmi náà ni ìkejì yìí, Bàbá.”

Ó ṣàlàyé fún wa pé olùkọ́ tí ó rán wọn níṣẹ́ náà fún ti àkọ́kọ́ ní máàkì tí ó dára, ṣùgbọ́n ó dá ìkejì padà láìfi kálàmù kàn án. Ó ní àṣà òyìnbó ni, ó sì ní ẹni tí kò lè ya ojú ni ó ń ya irú rẹ̀. Bàbá ọmọ náà ní tirẹ̀ wí pé kò sí èyí tí ó lè ra iṣu nínú méjèèjì. Ọkàn ọmọ náà dàrú, ó sì ti ń rò ó láti fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ó bi wá pé: “Èwo ni tiwa nínú méjèèjì?” A kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìdáhùn wa nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwòrán tí ó jọ ènìyàn. Àwọn kan gbà pé òyìnbó ni ó gbé e wá fún wa. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n hú àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà rọ jáde, iṣẹ́ àwọn baba wa láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò rò pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú, àwọn ará àtijọ́ a máa gbẹ́ ère àkó fún ọlọ́lá tí ó kú, wọn a sì sapá kí ó jọ ẹni náà tó bẹ́ẹ̀ tí ará ìlú yóò fi dá a mọ̀. Wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ, wọn a sì gbé e káàkiri ìlú. Síbẹ̀, nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1910, kò gbà pé ọwọ́ ènìyàn dúdú ni ó ti jáde. Ó ní iṣẹ́ ìran àwọn Gíríìkì ni.

Irú iyèméjì yìí ni Àìná Ọnàbólú dojú kọ. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1882, ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán yíyà, ó sì ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní ọdún 1906, kí ó tó lọ sí London ní ọdún 1920 láti gba ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó dé, ó ń lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti í fi ojú wọn nǹkan kí a tó fi ọwọ́ yà á. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ń jẹ́rìí: ta ni kò mọ àwọn ìdílé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọnà, bí Ọnàbánjọ àti Ọnàkọ̀yà? Ọmọ oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìkejì, àwòrán tí kò jọ ohun tí ojú rí. Ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà tí wọ́n ti rọ orí idẹ ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn dúró sí, òkúta tí gíga rẹ̀ ju mítà 5 lọ, tí a kan ìṣó irin mọ́ lára. Kò ní orí, kò ní apá, síbẹ̀ akọni ni ó ń rán wa létí. Ní Abírì, tí kò jìnnà sí Ifẹ̀, wọ́n rí orí amọ̀ tí ó jọ ènìyàn gan-an pẹ̀lú àwọn orí amọ̀ mìíràn tí ó rí ṣóńṣó, tí a kàn dá ihò sí fún ojú àti ẹnu. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ẹni tí ó mọ ti àkọ́kọ́ mọ kò lè mọ ìkejì. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ère ìbejì náà ńkọ́? Ọmọ ọwọ́ ni ó kú, ṣùgbọ́n ìrí àgbàlagbà ni a gbẹ́ fún un, pẹ̀lú ilà ìdílé rẹ̀. Kì í ṣe ojú ọmọ náà ni agbẹ́gilére ń wá.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ní Sábó, àgbàlagbà Hausa kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti ìyá ọmọ náà yọjú wo ìwé méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín sí ti àkọ́kọ́, ó ní ẹ̀sìn òun kò fẹ́ kí òun máa ya ojú ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ìkejì, ó fi ìka tọ àwọn òbírí náà lọ, ó sì fa àyà ẹ̀wù rẹ̀ hàn wá. Ó ní, “Bàbá, ṣé kì í ṣe irú rẹ̀ nìyí?” A wo ọnà tí wọ́n fi òwú gún sí ọrùn ẹ̀wù náà, a sì rí i pé òótọ́ ni ó sọ. A rántí ìtagbè àwọn Òṣùgbó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, tí ọnà kún ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà kò ní béèrè imú tàbí ètè lára rẹ̀.

Ní ọdún 1907, Pablo Picasso wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní ìlú Paris, ó rí àwọn ère àti ìbòjú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì rí bákan náà mọ́. Nítorí náà, ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Èyí tí ó jọ ènìyàn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n fún àwọn Gíríìkì. Èyí tí kò jọ ènìyàn, wọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì gbé e padà fún wa bí ẹ̀kọ́ òyìnbó. Ọmọ wa wá dúró láàárín, ó ń béèrè èwo ni tiwa!

A bi ọmọ náà ibi tí ó ti rí ohun ṣóńṣó tí ó yà. Ó ní inú fóònù òun ni, pé ìbọrí ni wọ́n pè é, ó sì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Amẹ́ríkà. Ó fi kún un pé kò sí ẹnì kan nínú ìdílé òun tí ó ti fojú rí i rí. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára ju bí ó ti mọ̀ lọ.

Àwọn baba wa mọ̀ pé orí méjì ni ènìyàn ní: orí òde tí gbogbo ayé ń rí, àti orí inú tí Ẹlẹ́dàá nìkan rí. Ìdí nìyí tí a fi ń gbàdúrà pé kí orí inú wa má ba tòde jẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ṣe àmì orí inú, wọn kò gbẹ́ ojú sí i, nítorí pé kò ní ojú. Wọ́n fi awọ rán ìbọrí ní ṣóńṣó, wọ́n to owó ẹyọ sí i lára, wọ́n sì kọ́ ilé orí bò ó. Kò sí ẹni tí ìbọrí jọ, síbẹ̀ ti ẹnì kan ṣoṣo ni. Bí èyí kì í bá ṣe àwòrán ara ẹni, a kò mọ ohun tí à bá pè é.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí iṣẹ́ Olúwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná lára wa, wọ́n pè wá sí ilé kan ní ìlú kan ní Rẹ́mọ. Ìyá arúgbó kan fẹ́ ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì gbé ilé orí tí ó jogún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ jáde. A ní kí wọ́n dáná sun ún. Bí iná ti mú un, ìyá náà bi wá jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ṣé ẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀?” A kò dá a lóhùn. A kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí ìyá náà máa bọ ọ́ lọ. A kò yí ọ̀rọ̀ ìwàásù wa padà. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bọ, a lè pa á mọ́. Ẹni tí ó rán an ti kú, a kò bèèrè orúkọ rẹ̀, a kò sì tún rí ẹni tí ó lè rán irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo àdúgbò náà. Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ kọ́ wa pé ní àwòrán Ẹlẹ́dàá ni a dá ènìyàn. Kò sì sí onígbàgbọ́ tí ó rò pé imú àti ètè ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ó yẹ kí àwa tí a ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí pẹpẹ ti mọ̀ pé àwòrán ń bẹ tí ó ju ìrísí lọ.

Ìjà tí ó wà láàárín ìwé méjèèjì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Kenneth Murray dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1927 láti kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, ọ̀nà tí ó gbà yàtọ̀ sí ti Ọnàbólú. Ọnàbólú fẹ́ kí ọmọ kọ́ láti ya ohun tí ojú rí bí ó ti rí. Murray fẹ́ kí ọmọ ti inú iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù wọn di apá kan òtítọ́ mú. Ní ọdún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Zaria dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, nínú wọn ni Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo ọmọ Èkó; wọ́n pinnu láti kọ́ èyí tí òyìnbó mọ̀, kí wọ́n sì dà á pọ̀ mọ́ èyí tí a bá nílé. Ní ọdún 1989, àwọn ayàwòrán kan ní Ifẹ̀, tí Moyọ̀ Òkédìjí àti Kúnlé Fìlání wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọnà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní ti olùkọ́ tí ó dá ìwé ọmọ náà padà, a kò dá a lẹ́bi pátápátá. A ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fa ìlà wúruwùru sórí ìwé ní òru tí ilẹ̀ ọ̀la fẹ́ mọ́ tí wọn yóò gbé iṣẹ́ kalẹ̀, tí wọ́n sì sọ pé ìjìnlẹ̀ ni. Ọ̀lẹ nìyẹn, kì í ṣe ọnà. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ ère í wò a máa yin èyí tí ó ní jíjọra: kò gbọdọ̀ jọ ènìyàn jù, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ènìyàn jù. Ẹni tí kò bá tí ì mọ bí nǹkan ti rí, báwo ni yóò ṣe mọ ìwọ̀n tí òun yóò fi kúrò nínú rẹ̀?

Nítorí náà, ìwọ ọmọ wa, gbọ́. Má ṣe fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Gbé dígí rẹ ti agbọ̀n obì lójoojúmọ́, kí o sì ya ojú rẹ títí ọwọ́ rẹ kò fi ní parọ́ fún ojú rẹ mọ́. Lẹ́yìn èyí, ya ìkejì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n má ṣe tẹ́ lọ́rùn pẹ̀lú èyí tí o rí nínú fóònù. Tọ àwọn ìyá àgbà lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, bi wọ́n ní orúkọ nǹkan àti ìdí tí a fi ń ṣe é. Ìbéèrè tí àwa kò dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ọjọ́ náà, bóyá ìwọ ni yóò dáhùn rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi iṣu nìkan wọn iṣẹ́ ọmọ yín. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá gbé ohun tí kò yé yín wá, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè kí ẹ tó dá a padà. Ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, bí wọ́n bá gbé ẹrù àtijọ́ síwájú yín, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín falẹ̀ sí ìṣáná. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí ní tiwa, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó kù ní ìlú kọ̀ọ̀kan ní Rẹ́mọ sílẹ̀, kí á sì mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ kí wọn.

Ọmọ náà béèrè pé èwo ni tiwa. Tiwa ni méjèèjì. Kí Ẹlẹ́dàá má ṣe jẹ́ kí a pàdánù ọ̀kan mọ́ nítorí èkejì. Àṣẹ.